Ṣé agbefọ́ba pa àdéhùn mọ́ àbí ó yẹ̀ ẹ́? Ọ̀rọ̀ plea bargain ní ọjọ́ ìdájọ́ ní kóòtù Adó-Èkìtì

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ọmọ Èkìtì kete. Ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú kóòtù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣe é, kì í ṣe ẹjọ́ ẹnì kan pàtó.

Ẹnì kan ti lo oṣù 7 ní àtìmọ́lé ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Adó. Ẹ̀sùn 3 ni wọ́n fi kàn án, jìbìtì ni. Lọ́yà rẹ̀ àti agbefọ́ba jókòó, wọ́n dúnàádúrà, ìyẹn plea bargain: kí ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn 2, kí wọ́n wọ́gi lé ìkẹta, kí ó dá ₦1,200,000 padà fún ẹni tó lu ní jìbìtì, kí agbefọ́ba sì bá a bẹ kóòtù fún ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ ìdájọ́, agbefọ́ba mìíràn ló yọjú. Ó ní òun kò tako ìwé tó wà níwájú kóòtù, ṣùgbọ́n ó ka lẹ́tà ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì sókè, ó ní irú ìwà yìí ti ń pọ̀ jù ní ìgboro Adó, ó ní kí kóòtù ṣe ohun tó bá tọ́ lójú rẹ̀. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 2 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan.

Ìdílé ní ìjọba yẹ àdéhùn. Agbefọ́ba ní òun kò yẹ nǹkan kan, adájọ́ ló lo agbára rẹ̀. Ta ló jàre? Kí sì ni lọ́yà ẹni náà ì bá ti ṣe kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́?

Lọ́yà_Òkèṣà

Àbúrò, o kú ìbéèrè. Ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn ènìyàn ń pè ní "wọ́n yẹ àdéhùn", ibẹ̀ sì ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Agbefọ́ba lè yẹ̀ ẹ́ lóòótọ́: ó ṣèlérí pé òun á sọ nǹkan, kò sọ ọ́, tàbí ó ṣèlérí pé òun á panu mọ́, ó la ẹnu. Ó sì lè jẹ́ pé agbefọ́ba pa tirẹ̀ mọ́ délẹ̀délẹ̀, adájọ́ ni kò gbà. Ó sì tún lè jẹ́ pé ìlérí náà kò sí nínú ìwé rárá, ẹnu ọ̀nà kóòtù ni wọ́n ti sọ ọ́, lọ́yà kan sì lọ bá ìdílé pé "mo ti bá wọn yanjú ẹ̀." Tí ẹ bá pẹjọ́ lórí èkíní nígbà tó jẹ́ pé èkejì ló ṣẹlẹ̀, ẹ ó pàdánù, àní bí wọ́n bá rẹ́ ẹni náà jẹ lóòótọ́.

Nínú àpẹẹrẹ tìrẹ, mo rí èkíní àti èkejì pọ̀. Àdéhùn ní kí agbefọ́ba *bá a bẹ̀* fún ọdún 1. Kí èèyàn ní òun "kò tako" kì í ṣe kí ó bá ni bẹ̀. Ẹni tó ṣèlérí láti bá ọ tọrọ aya, tó dé ibẹ̀ tó ní òun kò tako kí wọ́n fún ọ, kò tíì jẹ́ iṣẹ́ tí o rán an. Kí ó wá tún ka lẹ́tà, kí ó ní ìwà náà ti pọ̀ jù nílùú, ọwọ́ òsì ló fi ń gba ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni. Ní tèmi, ó yẹ àdéhùn.

Ti adájọ́, ìyẹn yàtọ̀. Kí Ìyá Amòfin bá wa ṣí òfin rẹ̀.

Ìyá_Amòfin

Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Abala 270 nínú ACJA 2015, ìyẹn òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn, ló sọ̀rọ̀ irú àdéhùn yìí ní ti ìjọba àpapọ̀. Èkìtì ní òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tirẹ̀, ti 2014. Èkó ti ṣáájú wa ní 2007. Kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Adó, abala 270 ló ń lò. Ti kóòtù gíga ìpínlẹ̀ àti ti májísíréètì, òfin Èkìtì ni kí ẹ ṣí. Ẹ má fi nọ́ńbà abala ti Àbújá kọ ìwé sí kóòtù ìpínlẹ̀.

Bí abala 270 ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Adájọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn dá sí ìdúnàádúrà. Tí wọ́n bá parí, agbefọ́ba á sọ fún kóòtù pé àwọn ti fẹnu kò. Adájọ́ á wá bi olùjẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, kì í ṣe lọ́yà rẹ̀: ṣé òótọ́ ni pé o ṣe ohun tí wọ́n kà sí ọ lọ́rùn? Ṣé ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé yìí? Ṣé ẹnikẹ́ni fi ipá mú ọ? Tí ìdáhùn bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á dá a lẹ́bi. Lẹ́yìn náà ni yóò wá wo ìjìyà tí wọ́n fẹnu kò sí. Tó bá rí i pé ó tọ́, á fún un bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ohun tí òun ì bá fún un kéré sí i, á dín in kù. Ṣùgbọ́n tó bá rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò lè ṣàdédé là á mọ́ ọn lórí. Ó *gbọ́dọ̀* kọ́kọ́ sọ fún olùjẹ́jọ́ iye tí òun ní lọ́kàn.

Ibẹ̀ ni ẹ̀tọ́ olùjẹ́jọ́ wà. Ó lè ní òun dúró lórí ọ̀rọ̀ òun, kí ó mú ẹ̀rí àti ẹ̀bẹ̀ wá lórí ìjìyà nìkan. Ó sì lè yọ ẹsẹ̀ nínú àdéhùn. Tó bá yọ ẹsẹ̀, ẹjọ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí níwájú adájọ́ mìíràn, ẹnikẹ́ni kò ní mẹ́nu kan àdéhùn náà, ohun tí ó sì gbà nínú rẹ̀ kò ní di ẹ̀rí lọ́rùn rẹ̀. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: wọn kò lè tún irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe mọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni.

Nítorí náà, Ọmọ Ìkọ̀lé, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa bi ìdílé yẹn ni pé: kí adájọ́ tó pe ọdún 2, ṣé ó sọ fún ọmọ yín pé òun fẹ́ fi kún un, ṣé ó sì bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe? Tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àṣìṣe kóòtù nìyẹn, ó sì wúwo ju ti agbefọ́ba lọ.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Ẹ ṣeun, Mà. Tí adájọ́ bá bi í, tí ọmọ náà sì dákẹ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wọn ni kì í lóye ohun tí wọ́n ń bi wọ́n.

Ògbufọ̀_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìyẹn, torí níbi ìtumọ̀ ni ọ̀pọ̀ àdéhùn ti ń bàjẹ́ kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé.

Òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé agbefọ́ba yóò dábàá ọdún 1 fún kóòtù. Ògbufọ̀ tó ń kánjú á sọ fún olùjẹ́jọ́ pé "ọdún kan ni wọ́n máa fún ẹ." Irọ́ ni. Ohun tó yẹ kó sọ ni pé "ọdún kan ni ìjọba máa bá ẹ bẹ̀ fún; adájọ́ lè gbà, ó lè dín in kù, ó sì lè ní òun máa fi kún un, tó bá sì ní òun máa fi kún un, o lè ní o kò ṣe mọ́." Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín gbólóhùn kúkúrú yẹn àti èyí tó gùn yìí ni ẹni náà ti ń gbà pé wọ́n tan òun jẹ.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tó máa ń ṣini lọ́nà ni ti ẹ̀wọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ àti èyí tó ń tẹ̀lé ara wọn. Ọdún 2 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀sùn 2: ṣé ọdún 2 ni àbí ọdún 4? Tí ìwé kò bá sọ ọ́, ògbufọ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti fi ti ara rẹ̀ kún un. Kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn lọ́yà níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọ̀fẹ́ ni ògbufọ̀ fún ẹni tí kò bá gbọ́ èdè kóòtù. Abala 36(6)(e) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló sọ bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá lo ògbufọ̀, òun náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn. Tí ẹ bá rí ìwé tí olùjẹ́jọ́ tẹ̀ka sí, tí kò sí orúkọ ògbufọ̀ níbẹ̀, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà, agbègbè ṣe pàtàkì: àgbàlagbà láti Ọmùò tàbí Ìjerò lè gbọ́ Yorùbá inú ìwé ìròyìn ní ààbọ̀. Ẹ fi Èkìtì bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́ padà fún yín. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ ó ṣe mọ̀ bóyá ó yé e.

Agbefọ́ba_Tẹ́lẹ̀

Ẹ kú ìjíròrò. Mo fẹ́ sọ ti ẹ̀gbẹ́ ìjọba, torí kò dáa ká máa fi gbogbo ẹ̀bi lé agbefọ́ba lórí.

Àkọ́kọ́, agbefọ́ba kò lè parọ́ fún kóòtù. Lẹ́yìn ìdálẹ́bi, adájọ́ máa ń béèrè bóyá ẹni náà ti jẹ̀bi ẹ̀sùn kan rí. Tó bá ti ṣẹ̀wọ̀n rí ní Àkúrẹ́, agbefọ́ba gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe yíyẹ àdéhùn, ìdáhùn sí ìbéèrè kóòtù ni. Àwọn lọ́yà tó gbọ́n máa ń fi àkọsílẹ̀ yẹn sínú àdéhùn fúnra rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n ń fẹnu kò sí iye ọdún.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní ẹ̀tọ́. Abala 270 ní kí agbefọ́ba bá ọlọ́pàá tó ṣèwádìí àti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ *kí wọ́n tó* fọwọ́ sí ìwé, kí ó sì fún un láyè láti sọ èrò rẹ̀ lórí ohun tó wà nínú rẹ̀ àti lórí owó àsanpadà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn kan máa ń fo ìpele yìí. Wọ́n á fọwọ́ sí ìwé ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì á gbọ́ ní ọjọ́ Ajé, á fi ìbínú kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì DPP, ìyẹn ọ̀gá àwọn agbefọ́ba, lẹ́tà yẹn á sì bọ́ sọ́wọ́ agbefọ́ba tó ń lọ sí kóòtù ní ọ̀la. Kí ni kí ó ṣe sí i? Tí wọ́n bá ti gbọ́ tẹnu rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, kò ní sí lẹ́tà náà.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, olùjẹ́jọ́ náà máa ń yẹ àdéhùn. ₦1,200,000 tí ẹ kọ yẹn, ìgbà wo ni wọ́n san án? Mélòó ni wọ́n san? Ta ló gba rìsíìtì? Ẹni tó bá san ₦400,000, tó ní òun máa san ìyókù lẹ́yìn ìdájọ́, kò lè retí pé kí ìjọba dúró lórí tirẹ̀.

Lọ́yà_Òkèṣà

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí owó, ẹ̀gbọ́n, mo sì gbà lórí ìbéèrè kóòtù. Ṣùgbọ́n lẹ́tà inú àpẹẹrẹ yìí kì í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè kankan. Òun ló dìde fúnra rẹ̀ kà á. Tí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ bá ní ohun tí yóò sọ, kí kóòtù gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Agbefọ́ba tó ti fọwọ́ síwèé kò gbọdọ̀ yá a ní ẹnu rẹ̀.

Kí a yẹ ti Amẹ́ríkà wò díẹ̀, torí àwọn ló ti ja ìjà yìí pẹ́ jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdájọ́ wọn kò de kóòtù Èkìtì. Ìtọ́sọ́nà lásán ni. Ní 1971, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wọn dá ẹjọ́ Santobello ti New York. Agbefọ́ba kan ti ṣèlérí pé òun kò ní dábàá ìjìyà kankan. Oṣù bíi mélòó kan kọjá, agbefọ́ba mìíràn yọjú, kò mọ̀ nípa ìlérí náà, ó ní kí wọ́n fún un ní ọdún 1, èyí tó ga jù lábẹ́ òfin yẹn. Adájọ́ ní ọ̀rọ̀ agbefọ́ba kò nípa lórí òun rárá, ó sì fún un ní ọdún 1 náà. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní kò jẹ́ nǹkan kan pé adájọ́ ní kò nípa lórí òun. Ọ́fíìsì kan náà ni agbefọ́ba méjèèjì, ìlérí ọ̀kan ti de èkejì. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì: kí adájọ́ mìíràn tún ìjìyà náà gbé yẹ̀ wò pẹ̀lú àdéhùn tó dúró ṣinṣin, tàbí kí ọkùnrin náà kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ, kí ó lọ jẹ́jọ́.

Ẹ wo bó ṣe bá àpẹẹrẹ Ọmọ Ìkọ̀lé mu. "Èmi kọ́ ni mo fọwọ́ sí i" kì í ṣe àwíjàre.

Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kan náà sọ ní 1985, nínú ẹjọ́ Benchimol, pé agbefọ́ba tó ṣèlérí àbá kò fi dandan ní láti fi ìtara gbé e kalẹ̀, tàbí kí ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àfi tí ó bá ṣèlérí ìyẹn náà. Ìdí nìyí tí mo fi ń pariwo pé ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ní 1987, nínú ẹjọ́ Adamson, wọ́n ní olùjẹ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ yẹ àdéhùn ti tú ìjọba sílẹ̀ kúrò nínú tirẹ̀. Èyí gbe Agbefọ́ba Tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn. Ní 2009, nínú ẹjọ́ Puckett, wọ́n ní tí lọ́yà kò bá pariwo lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ń yẹ àdéhùn, á ṣòro púpọ̀ kí ó tó rí nǹkan ṣe sí i ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Èyí ló yẹ kí gbogbo lọ́yà ọ̀dọ́ ní Adó mú lọ sílé.

Àbúrò_Lọ́yà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, "kí ó pariwo lójú ẹsẹ̀", báwo ni a ṣe ń ṣe é gan-an? Agbefọ́ba ti ń ka lẹ́tà lọ, ọkàn mi ń lù kìkì. Kí ni kí n sọ?

Lọ́yà_Òkèṣà

Dìde. Má dúró kí ó kà á tán. Sọ pé o ní àtakò, pé ohun tó ń sọ yàtọ̀ sí ìpínrọ̀ báyìí-báyìí nínú àdéhùn tó wà níwájú kóòtù. Ka ìpínrọ̀ náà sókè bó ṣe wà. Ní kí adájọ́ kọ àtakò rẹ sínú ìwé rẹ̀. Bèèrè pé kí kóòtù pàṣẹ fún agbefọ́ba láti dúró lórí àdéhùn. Tí agbefọ́ba bá kọ̀, tàbí tí adájọ́ bá ní òun ti gbọ́, bèèrè fún ìsinmi ìṣẹ́jú 15 kí o lè bá oníbàárà rẹ sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ yọ ẹsẹ̀, sọ ọ́ *kí adájọ́ tó pe iye ọdún*. Ìgbà tí ìjìyà bá ti jáde lẹ́nu adájọ́, tó ti fọwọ́ sí i, ọwọ́ kóòtù yẹn ti kúrò nínú ẹjọ́ náà. O ò lè padà lọ bá a ní ọ̀la pé o ti ro ó dáadáa.

Ohun tí mo rí tí ń ba ọ̀pọ̀ jẹ́ ni pé lọ́yà á bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn ìdálẹ́bi, á ní oníbàárà òun ní ìyàwó àti ọmọ 3, á jókòó, kò ní sọ ohun kan nípa lẹ́tà tí agbefọ́ba kà. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, ó dà bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Akọ̀wé_Kóòtù

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé kún un, torí ìwé ló máa sọ̀rọ̀ nígbà tí gbogbo wa bá ti gbàgbé.

Ẹ rí i pé àdéhùn náà wọ fáìlì kóòtù kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀, pé wọ́n fi àmì sí i, pé adájọ́ mẹ́nu kàn án nínú ìdájọ́ rẹ̀. Àdéhùn tó wà nínú àpò lọ́yà nìkan kò sí ní kóòtù.

Owó: ẹ má san án sọ́wọ́ ọlọ́pàá, ẹ má san án sí àkáǹtì ẹnì kan nínú ọ́fíìsì agbefọ́ba. Díráfù báǹkì ní orúkọ ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì ló dáa jù, kí ẹ̀dà rẹ̀ àti ìwé tí onítọ̀hún fi gbà á wọ fáìlì. Ẹ san án tán ó kéré tán ọjọ́ mẹ́wàá kí ọjọ́ ìdájọ́ tó pé, kí báǹkì lè ti yanjú rẹ̀.

Ti oṣù 7 tí ẹni náà ti lò ní àtìmọ́lé: èyí ń dá ìjà tó pọ̀ sílẹ̀. Àdéhùn lè sọ "ọdún 1", kí olùjẹ́jọ́ máa rò pé oṣù 5 ló kù, kí agbefọ́ba máa rò pé ọjọ́ ìdájọ́ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí kóòtù ka àkókò àtìmọ́lé mọ́ ọn nígbà tó bá ń fúnni níjìyà, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí a fi ń ránni lọ sọ́gbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn wọ́dà ń wò. Tí adájọ́ bá sọ ọ́ lẹ́nu, tí ọjọ́ tí kíkà bẹ̀rẹ̀ kò sì sí lórí ìwé àṣẹ yẹn, ọjọ́ ìdájọ́ ni wọ́n máa kà láti. Kí lọ́yà wo ìwé náà kí ọkọ̀ tó gbé ẹni náà lọ. Ìṣẹ́jú 5 péré ni.

Abala 36(7) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè fún olùjẹ́jọ́ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dà ìdájọ́ láàárín ọjọ́ 7 tí ẹjọ́ bá parí. Ẹ kọ lẹ́tà ìbéèrè náà ní ọjọ́ ìdájọ́ gan-an, kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ pẹ̀lú, kì í ṣe ìdájọ́ nìkan. Inú àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ ni ohun tí agbefọ́ba sọ wà.

Àbúrò_Lọ́yà

Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mìíràn: àwọn ọmọ tí wọ́n ń mú fún yahoo, tí wọ́n ń gbé wá sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Adó. Kí ló dé tí àwọn kan ń gba oṣù mélòó kan, tí àwọn mìíràn sì ń kojú ọdún 7?

Ìyá_Amòfin

Abala tí wọ́n fi fẹ̀sùn kàn wọ́n ló fà á, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n. Òfin jìbìtì ti 2006, abala 1(3): kò gbọdọ̀ dín sí ọdún 7, kò gbọdọ̀ ju 20 lọ, kò sì sí owó ìtanràn níbẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, abala 22, fún ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ẹlòmíràn: kò ju ọdún 5 lọ, tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦7,000,000 lọ, tàbí méjèèjì. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní 2015 nìyẹn. Wọ́n ti tún àwọn ibì kan ṣe nínú òfin náà ní 2024, kí ẹ ka méjèèjì pọ̀.

Abala 270 sọ pé ìjìyà tí wọ́n bá fẹnu kò sí gbọ́dọ̀ wà láàárín ohun tí òfin là sílẹ̀ fún ẹ̀sùn náà. Tí agbefọ́ba bá wá fi ẹ̀sùn abala 1(3) sílẹ̀ láìyí i padà, tó sì kọ oṣù 6 sínú àdéhùn, ìlérí tí ẹnikẹ́ni kò lè mú ṣẹ ni. Adájọ́ kò ní agbára láti fún un ní oṣù 6. Nígbà tó bá pe ọdún 7, ìdílé á ní ìjọba tan àwọn jẹ. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n tún ìwé ẹ̀sùn kọ sí ẹ̀sùn tó kéré, kí wọ́n ka ẹ̀sùn tuntun náà sí i létí, kí ó gbà á, kí wọ́n *tó* sọ̀rọ̀ oṣù. Lọ́yà tó bá fọwọ́ sí àdéhùn láì ṣí ìwé òfin wo ìjìyà ẹ̀sùn náà ti ṣe oníbàárà rẹ̀ ní ibi.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Àwọn ẹjọ́ ńláńlá tí a gbọ́ lórí rédíò ńkọ́? Ṣé irú ìjà yìí ti ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà rí?

Lọ́yà_Òkèṣà

Ó ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí gbogbo lọ́yà mọ̀ ni ti Lucky Igbinedion, gómìnà Ẹdó tẹ́lẹ̀. Ní December 2008, ní kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀ ní Enugu, ẹ̀sùn tó lé ní 100 di ẹyọ kan. Ó gbà pé òun jẹ̀bi rẹ̀, kóòtù sì fún un ní àǹfààní láti san ₦3,500,000 dípò ẹ̀wọ̀n. Inú EFCC fúnra wọn kò dùn sí ìdájọ́ náà. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀sùn mìíràn wá sí Benin. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ní 2014 wọ́n sì dúró lórí rẹ̀ pé ìjọba tó ti bá èèyàn ṣe àdéhùn, tó ti gba tirẹ̀, kò lè tún yí padà máa lé e kiri lórí ọ̀rọ̀ tí àdéhùn náà ti kádìí.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Tí àdéhùn kò bá mẹ́nu kan owó ìtanràn, adájọ́ lè fi sí i, ìjọba á sì máa pariwo. Èkejì, kí àdéhùn sọ àwọn ẹ̀sùn tí kò ní tún jáde mọ́ àti àwọn ọ́fíìsì tí ó dè. Àdéhùn ọ́fíìsì DPP Èkìtì kò fi bẹ́ẹ̀ de EFCC àfi tí wọ́n bá fọwọ́ sí i.

Ti Cecilia Ibru, ọ̀gá àgbà báǹkì Oceanic tẹ́lẹ̀, ní October 2010 sì jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tí Ògbufọ̀ sọ: ẹ̀sùn 3, oṣù 6 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí gbogbo wọn ṣiṣẹ́ pọ̀, nítorí náà oṣù 6 ló di. Ká ní wọ́n ní kí wọ́n tẹ̀lé ara wọn, oṣù 18 ni.

Àbúrò_Lọ́yà

Mo rí i nínú abala 270(18) pé ìdájọ́ lórí àdéhùn ti parí síbẹ̀, kò sí kòtẹ́milọ́rùn àfi tí wọ́n bá ní èrú wà níbẹ̀. Ṣé ẹni inú àpẹẹrẹ yìí ti wọ gàù nìyẹn?

Ìyá_Amòfin

Èmi kò gbà pé ó ti wọ gàù. Ìpínrọ̀ 18 nínú abala 270 ń sọ nípa ìdájọ́ tí kóòtù ṣe lábẹ́ abala 270 náà. Tí adájọ́ bá fi ọdún kún un láì kọ́kọ́ sọ fún un bí òfin ṣe ní kí ó ṣe, ìjìyà yẹn kò sí lábẹ́ abala 270 mọ́. Abala 241(1)(b) nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì fúnni ní ẹ̀tọ́ láti pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìbéèrè òfin láì gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Òfin ilé ìgbìmọ̀ kò lè ga ju ìyẹn lọ.

Agbefọ́ba_Tẹ́lẹ̀

Ó ṣeé jà, Mà, ṣùgbọ́n kí àwọn ọ̀dọ́ má ṣe fi ọkàn tán an. Tí adájọ́ bá tẹ̀lé ìlànà, tó sọ fún un, tí olùjẹ́jọ́ sì ní kí ó máa bá a lọ, ilẹ̀kùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa. Èrú ló kù, èrú sì gba ẹ̀rí: ìwé ìbúra, orúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ náà, ọjọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́. Kí agbefọ́ba kàn gbàgbé ìlérí kì í ṣe èrú.

Ìyá_Amòfin

Mo fara mọ́ ìyẹn. Ọjọ́ 90 ni wọ́n ní láti fi ìwé kòtẹ́milọ́rùn sílẹ̀ nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, láti ọjọ́ ìdájọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì wà ní Adó níbí. Kí wọ́n má fi oṣù 2 dúró de ẹ̀dà àkọsílẹ̀ kí wọ́n tó lọ bá lọ́yà. Ẹni tí kò bá ní owó, kí ó lọ sí ọ́fíìsì Legal Aid Council ní Adó.

Ọmọ_Ìkọ̀lé

Mo dúpẹ́ púpọ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá fẹ́ kọ ìpínrọ̀ tí ì bá gba ẹni inú àpẹẹrẹ yìí, báwo lẹ ó ṣe kọ ọ́?

Lọ́yà_Òkèṣà

Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́, kí ẹ wá fi Òyìnbó kóòtù tún un kọ:

"Agbefọ́ba yóò sọ fún kóòtù pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 1 lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ni ìjọba ń bẹ̀bẹ̀ fún, kí méjèèjì ṣiṣẹ́ pọ̀, láìsí owó ìtanràn, kí a sì máa kà á láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú olùjẹ́jọ́. Agbefọ́ba kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan, kò ní ka ìwé kankan, tí yóò mú kí kóòtù fi kún un, yàtọ̀ sí ìdáhùn tòótọ́ sí ìbéèrè kóòtù. Ìpínrọ̀ yìí de gbogbo agbefọ́ba tí ó bá dúró fún ìpínlẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí. Olùjẹ́jọ́ ti san ₦1,200,000, rìsíìtì rẹ̀ wà lẹ́yìn ìwé yìí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ti ka àdéhùn yìí, ó sì ti sọ èrò rẹ̀."

Ògbufọ̀_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ fi ìlà kan kún un, ẹ̀gbọ́n: "Mo túmọ̀ ìwé yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún olùjẹ́jọ́ ní èdè Yorùbá ti Èkìtì, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà fún mi," pẹ̀lú orúkọ ògbufọ̀, ọjọ́ àti ìbuwọ́lù.

Lọ́yà_Òkèṣà

Mo ti fi sí i. Ẹ ṣeun, Ògbufọ̀. Kí ó wà lókè ibi tí olùjẹ́jọ́ ti máa tẹ̀ka, kì í ṣe ní ojú ewé tó tẹ̀lé e.